Aṣọ Ọ̀rá Tí Mo Jẹ́ Kí Oòrùn Jẹ

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi bàjẹ́ lójú gbogbo ayé, tí ó sì dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó bá ń retí pé n óò sọ pé mo kábàámọ̀, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Kó lọ wá ìwé ìwàásù kà.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, nínú ilé tí ìyá mi fi sílẹ̀. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, bí a ti í pe ìyá nílẹ̀ wa. Kíjìpá ni Yèyé ń hun, aṣọ tó nípọn, tó wúwo, tí bàbá yóò wọ̀ ròko títí tí ọmọ yóò tún fi jogún rẹ̀. Àwọn tó ń ta aṣọ olówó ńlá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Yèyé a ní, "Òótọ́ ni, ọ̀lẹ ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ wá bá mi hun ún wò, kí ẹ rí i bóyá ọ̀lẹ ló ń hun ún."

Òfì obìnrin kò dà bíi ti ọkùnrin tó máa ń na òwú gbọọrọ sójú àgbàlá. Tiwa ga bí ilẹ̀kùn. Ara ògiri là ń gbé e tì, a óò wá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a óò máa hun ún láti ìsàlẹ̀ gòkè. Gbogbo obìnrin tó mọ̀ ọ́n hun ló ní àrà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í jí. Bí o bá rí aṣọ lára ẹnì kan lọ́jà, wàá mọ ilé tó ti jáde. Àrà ti Yèyé kò ṣòroó dá mọ̀: ilẹ̀ dúdú, ìlà funfun mẹ́ta tó fẹ̀ bí ìka, lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo tó tín-ín-rín bí irun. Ìlà tín-ín-rín yẹn kì í dé etí kejì. Yóò rìn dé ìdajì aṣọ, yóò dúró.

Mo bi í nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìdí tí kì í fi í jẹ́ kó parí. Kò wò mí. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo hun ún dé tí wọ́n wọlé wá sọ fún mi pé bàbá yín ti kú. Mi ò lè tẹ̀ síwájú. Mi ò sì fẹ́ tú u." Láti ọjọ́ náà ló ti ń hun gbogbo aṣọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò tíì pé ọdún kan lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yìn Yèyé ló wà, oorun ló ń sùn.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ni mo padà sọ́dọ̀ Yèyé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òfì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n aláǹtakùn ló ń bá a hun ún. Òwú ti wọ́n, ẹni tó sì ń wá kíjìpá rà ti di èèyàn kan lọ́dún méjì. Ohun tó pọ̀ ládùúgbò wa ni ọ̀rá. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà, tí wọ́n fi ń di ẹja, tí wọ́n fi ń di ohun gbogbo. Wọ́n dí gọ́tà iwájú ilé wa pa. Bí òjò bá rọ̀, omi a gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, a gba abẹ́ ibùsùn Yèyé kọjá.

Ọjọ́ kan, inú bí mi, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde nínú gọ́tà. Ó kún àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Mo wò ó pé bí mo bá dà á nù, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Yèyé gbọ́ ariwo rẹ̀ láti inú yàrá. "Kí lò ń fọ̀ tó ń pariwo báyìí?"

"Ọ̀rá ni, Yèyé."

"Ọ̀rá wo?"

"Ọ̀rá omi tí àwọn èèyàn mu tán."

Ó pòṣé. "Wọ́n ń fún ẹ ní pẹ́ńṣọ̀n, o ò rí nǹkan ṣe, ìdọ̀tí lo wá ń fọ̀."

"Mo fẹ́ fi hun aṣọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bá a. "Ta ni yóò wọ̀ ọ́? Ewúrẹ́?"

Mo gé orí àti ìdí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kúrò, mo wá ń gé ìyókù yípo yípo bí ẹni ń bẹ ọsàn, títí tí ọ̀rá kan yóò fi di okùn gígùn kan ṣoṣo. Mo yí i lórí itan bí Yèyé ti ń yí òwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Èyí tó dúdú ni mo fi ṣe ilẹ̀ aṣọ, ọ̀rá omi ni mo fi ṣe ìlà funfun. Nígbà tó dé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, mo fa ọwọ́ Yèyé, mo gbé e lé e. Ó fi ìka tọ́ ọ láti etí dé etí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó le," ló wí. "Ṣùgbọ́n o ò lù ú dáadáa. Lù ú kó ki."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó tì mí lórí àpótí. Etí ló fi ń wo iṣẹ́. Bí mo bá fi pátákó lu ìlà kan tí kò wọlé tán, á ní, "Ìyẹn ò tíì jókòó. Tún un lù." Ọdún mẹ́fà gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń bọ́ ọ, òun ló ń kọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo tún láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí n kò sọ fún Yèyé. Aṣọ ẹlú ló mọ̀, aṣọ ẹlú sì fẹ́ràn oòrùn. Bó bá ti rẹ òwú tán, tó sì hun ún tán, ó gbọ́dọ̀ sá a dáadáa. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ: "Aṣọ tí oòrùn kò tíì rí, kò tíì di aṣọ." Gbogbo wa gbọ́ ọ dàgbà. Nítorí náà, nígbà tí mo parí aṣọ ọ̀rá àkọ́kọ́, mo ta á sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ó wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọyẹ́, ó wà níbẹ̀ di ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ká a, ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan. Ẹyọ kan kò kù. Mo gbá a, mo dà á nù, mo pa ẹnu mọ́. Mi ò fẹ́ kí Yèyé tún fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, inú yàrá ni mo ń ta á sí, ibi tí oòrùn kò dé. Inú ilé, yóò pẹ́ láyé ju èmi tí mo hun ún lọ.

Àbúrò mi obìnrin yìí, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, Òṣogbo ló ń gbé. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń wá nígbà Kérésì, ó ń wá nígbà Ìkórè. Yóò gbé búrẹ́dì wá, yóò jókòó ti Yèyé níwájú òfì, yóò ní kí wọ́n ya àwọn ní fọ́tò. Kí n tó gún iyán tán, ó ti ń wo aago. Mi ò bá a jà nítorí ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè gbé ìgbẹ́ ìyá rẹ̀ dà nù.

Nígbà tí Yèyé kú, tí a sin ín tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ọ̀rá yẹn, kí n máa fi rántí Yèyé." Mo fún un ní méjì.

Ó tó bí ọdún kan lẹ́yìn náà tí obìnrin kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ. Ará Ìtagunmọ́dì ni. Ó ti ń fọ wúrà nínú omi tipẹ́ kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìdí nìyẹn tó fi wá sọ́dọ̀ mi. Odindi ọdún kan ni mo fi kọ́ ọ. Ó ní ẹ̀yìn yẹn tún ti dé, òun fẹ́ lọ sinmi nílé. Mo fún un ní òróró ìpara, mo ní kó máa lọ.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, òwúrọ̀ Sátidé kan ni mo ń bẹ iṣu, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi. Mo rò pé etí mi ni. Atọ́kùn ètò náà ní, "Màmá, aṣọ ọ̀rá tí ẹ ń hun yìí ti di ohun tí gbogbo Òṣogbo ń sọ. Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

Àbúrò mi ní, "Lẹ́sẹ̀ ìyá mi ni. Ojú wọn ti fọ́, èmi ni mo jẹ́ ojú wọn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Iléṣà. Èmi náà ni mo kọ́ ọ, kó má bàa jókòó lásán."

"Ìlà tó dúró láàárín aṣọ yẹn ńkọ́? Kí ló túmọ̀ sí?"

Kò tilẹ̀ ronú. "Odò Ọ̀ṣun nìyẹn. Ó ń ṣàn bọ̀, ó wá sinmi ní Òṣogbo."

Atọ́kùn ètò ní, "Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ikú bàbá mi ló sọ di odò. Ọdún mẹ́fà tí mo fi sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá Yèyé, ó ká a bí aṣọ, ó fi sí àpótí tirẹ̀. Nígbà tí mo tún rántí iṣu, ó ti dúdú nínú abọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ kẹta. Ilé rẹ̀ wà ní Igbọ́nà. Yàrá iwájú tó ti ń gba ayálégbé sí tẹ́lẹ̀ ló sọ di ibi ìhunṣọ. Òfì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, obìnrin Ìtagunmọ́dì sì jókòó sídìí ọ̀kan. Bó ti rí mi, ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Màmá, ẹ kú ìrìn."

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó ti sàn díẹ̀, mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Afẹ́fẹ́ Igbọ́nà dára fún ẹ̀yìn."

Àbúrò mi bu ìrẹsì fún mi, ó fi ẹran méjì lé e. Mo ní, "Mo gbọ́ ẹ ní rédíò."

"Ẹ gbọ́ mi? Ohùn mi dùn, àbí?"

"Ó dùn. Ta ló kọ́ ta?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ rédíò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni wọ́n ń fẹ́. Bí mo bá ní kí n máa tò ó, pé tíṣà kan fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ó ń fọ ọ̀rá, wọn á ti fi orin sí i."

"Ìlà yẹn, ta ló sọ fún ẹ pé odò ni?"

"Kí ni kó jẹ́? Ìlà ni. Wọ́n béèrè, mo dáhùn."

Mi ò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Bó bá ń ka èyí, ibí ló ti máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá. Padà sórí rédíò yẹn. Sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ́ ẹ, pé òun ló jókòó ti Yèyé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Máa hun aṣọ rẹ lọ, máa gba òkìkí tó kù."

"Kí wọ́n wá máa pè mí ní elékèé? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti dàgbà. Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ṣe? Ta ni yóò bi yín léèrè ní Iléṣà? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ọ̀nà rìn ín."

"Ìrẹsì yìí dùn," ni mo wí. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ ẹran méjèèjì. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀, ó ń juwọ́ sí mi. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe nígbà náà. Mo kàn mọ̀ pé mo fẹ́ ṣe nǹkan. Mo ń fọ ọ̀rá, mo ń ronú. Mo ń hun aṣọ, mo ń ronú. Ohun tí mo ń wá, òun fúnra rẹ̀ ló fi fóònù gbé e wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ara le?"

"Ara le."

"Obìnrin Ìtagunmọ́dì yín yìí ló fẹ́ da iṣẹ́ rú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá kan fún wa. Ilé ìtura tuntun kan fẹ́ kí a hun aṣọ tí yóò bo iwájú ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àrà Yèyé gan-an ni wọ́n fẹ́. A ti ń rán an pọ̀. Obìnrin yìí wá ń sọ pé ẹ̀yin kì í jẹ́ kí oòrùn rí i, pé inú yàrá lẹ máa ń ta á sí. Mo ní kí ló dé, ó ní òun ò mọ̀. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ ni?"

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù létí. Adìẹ kan ń họ ilẹ̀ níwájú mi. Ẹni tó bá jẹ́ ènìyàn rere, yóò ti dáhùn kí adìẹ yẹn tó họ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní àyè láti dáhùn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ṣèèṣì jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, "Kí ni Yèyé máa ń sọ nípa aṣọ àti oòrùn?"

Ó rò ó díẹ̀, ó wá kà á bí ọmọ iléèwé. "Aṣọ tí oòrùn kò tíì rí, kò tíì di aṣọ."

"Èwo lo tún ń bi mí? Ṣebí ìwọ lo jókòó tì í. Ìwọ lo jẹ́ ojú rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ohun tí mo sọ. Bó bá tún béèrè, ó ti gbà pé òun kò jókòó ti ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi dùn pé ẹ ò bínú sí mi mọ́."

"Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ," ni mo wí.

Àwọn bàbá wa ní Iléṣà, òṣómàáló ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọn a ru aṣọ lọ sí ìlú tó jìnnà, wọn a fi í sílẹ̀ láwìn fún oníbàárà, wọn a padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí wọn óò fi gba ẹ̀tọ́ wọn. Wọn kì í jà. Wọn kì í pariwo. Ìlóṣòó nìkan ni. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Wọ́n gbé aṣọ yẹn kọ́ ní ìparí òjò. Ní gbogbo oṣù, mo ń wá ìdí tí n óò fi dé Òṣogbo. Lẹ́ẹ̀kan, mo ní mo fẹ́ ra oògùn ojú. Lẹ́ẹ̀kan, mo ní mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ tí a jọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ibi tí mo máa ń dúró sí kọjú sí ilé ìtura náà, lábẹ́ agbòòrùn obìnrin kan tó ń ta àgbàdo sísun. Mo máa ń ra àgbàdo kan, màá máa jẹ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Mi ò ní purọ́, aṣọ náà lẹ́wà. Mi ò tíì rí àrà Yèyé kó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìlà tín-ín-rín yẹn fúnra rẹ̀ fẹ̀ ju apá mi lọ, ó rìn dé àárín ilé, ó dúró. Bí oòrùn ọ̀sán bá kọlù ú, gbogbo rẹ̀ a máa dán. Àwọn èèyàn ń dúró ya fọ́tò. Obìnrin alágbàdo ní, "Màmá, ẹ wo bí ọ̀rá ṣe di nǹkan iyì. Ìyá àgbà kan ní Igbọ́nà ló hun ún."

Mo ní, "Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Fún mi ní ọ̀kan tó jinná sí i."

Lóṣù kẹta, dúdú rẹ̀ ti ń di eérú. Mo tún jẹ àgbàdo. Nígbà tí ọyẹ́ mú, mo rí i tó ń gbọ̀n lára ògiri, ó ń dún gbàràgbàrà bí ewé gbígbẹ, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ń mú un. Mi ò kánjú. Mo máa ń sùn dáadáa nígbà náà, mo fẹ́ sọ ìyẹn pẹ̀lú.

Òjò àkọ́kọ́ tí ìjì bá wá ló parí iṣẹ́. Kò ṣojú mi, ṣùgbọ́n mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Aṣọ náà ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ó wà lójú títì, ó wà lórí òrùlé, ó bọ́ sínú abọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ. Obìnrin alágbàdo ń ṣa á kúrò lára àgbàdo rẹ̀, ó ń bú ẹni tó hun ún àti ẹni tó bí ẹni tó hun ún. Ìyá mi ló ń bú, mi ò sì dá a lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura ń gbá a sínú gọ́tà. Ohun tó kù lókè kò ju ọwọ́ ẹ̀wù kan lọ, ìlà funfun kan ló wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nígbà tí ìyẹn náà já, mo rí i pé mo ti fi ọwọ́ lé àyà. Mo gbé e kúrò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí àbúrò mi fi tún sọ̀rọ̀ ní rédíò. Atọ́kùn ètò yẹn náà ni. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́. "Màmá, àwọn èèyàn ń pè wá, wọ́n ń bínú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Àbúrò mi ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Òun ló jókòó ti ìyá wa. Bó ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ṣe é."

Ẹ wo bí ó ṣe sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ fún ní Igbọ́nà, tí mo jẹ ìrẹsì lé lórí, ló sọ láìku ẹyọ kan. Ìgbà tí iṣẹ́ náà di ìdọ̀tí ló tó rántí ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà dé Iléṣà kí n tó pa rédíò. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa ti ní kí n hun aṣọ tí wọn yóò ta sẹ́yìn pẹpẹ fún àjọ̀dún wọn. Mo ti dé ìdajì. Mẹ́ta nínú wọn wá bá mi, wọ́n jókòó, wọn kò fẹ́ mu omi.

Olórí wọn ní, "Ìyá, a ti jíròrò. A rò pé aṣọ rírà ni kí á lò. Ọ̀rá kì í pẹ́. Gbogbo ayé ti gbọ́ pé ẹ̀yin náà ò mọ̀."

"N kò mọ kí ni?"

"Pé kì í pẹ́. Kò sí ẹni tó dá yín lẹ́bi. Nǹkan tuntun ni, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n tán."

Àánú mi ń ṣe wọ́n. Ìyẹn ni n kò lè gbé mì. Mo sì rí i pé ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí mo bá dákẹ́, mo di arúgbó tó ń hun ohun tí kò yé e. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo di ìkà. Kò gbà mí ní àkókò láti yàn.

Mo ní, "Mo mọ̀. Oòrùn ló ń pa á. Mo ti mọ̀ láti ọdún kìíní. Èyí tí ẹ bá kọ́ sínú ilé, ọmọ ọmọ yín yóò bá a níbẹ̀. Àbúrò mi pè mí, ó bi mí, mi ò sọ fún un."

Wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan nínú wọn ní, "Ẹ gbàgbé láti sọ ọ́ ni?"

"Mi ò gbàgbé. Mo fẹ́ kó fọ́. Mo lọ wò ó bó ṣe ń fọ́. Ẹ pè mí ní ìkà, mo gbà. Ẹ má pè mí ní ẹni tí kò mọṣẹ́."

Olórí wọn dìde. "A ò lè ta aṣọ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn pẹpẹ," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí mi. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò mi wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Kò gbé búrẹ́dì wá. Ó dúró sójú àgbàlá.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ mọ̀?"

"Òótọ́ ni."

"Mo bi yín. Mo bi yín lẹ́nu fóònù."

"O bi mí."

"Àrà Yèyé ni wọ́n gbá sínú gọ́tà, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe tèmi."

"Mo mọ ti ẹni tó jẹ́. Ìwọ ni mo ń dúró dè kó o mọ̀ ọ́n."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ. Ó ti tó ọdún kan báyìí. Kò pè mí, mi ò pè é. Ìwọ̀nba ènìyàn tó ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Mo ń hun ún síbẹ̀, ó ń pọ̀ sí i nínú yàrá Yèyé, ó ti dé fèrèsé.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ wa, ọmọ tí mo lè bí, wá bẹ̀ mí. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ fún un pé ẹ ti dárí jì í, kí ẹ sì ní kí òun náà dárí jì yín. Ẹ ò lè máa bá ọmọ ìyá yín yodì kí ẹ tún máa jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa."

Mo ní, "Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Mi ò ní í jẹ ẹ́."

Nítorí náà, ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí wọ́n bá pe ìlà tí mo jókòó sí pé kí wọ́n máa bọ̀ níbi tábìlì Olúwa, mo máa ń jókòó. Àga wa há. Àwọn tó wà nínú gbọ́dọ̀ gba iwájú mi kọjá, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọn kì í wò mí lójú. Mo máa ń fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn kí wọ́n lè rí àyè kọjá.